Owó Ẹyọ Kì Í Ṣe Owó Lásán: Bí Àrokò Ìjẹ̀bú Ṣe Dé Lọ́ńdọ̀nù

Ọ̀rọ̀ owó tí a kò ná mọ́ ni a gbé wá síwájú yín lọ́sẹ̀ yìí. Ẹni tí ó bá yà sí ìsọ̀ àwọn lẹ́kùlẹ́jà ní ọjà Ìkòtún, láàárín egbò àti èèpo igi, yóò rí owó ẹyọ tí a kó sínú igbá. Àwọn abọ̀rìṣà ń rà á. Àwọn ọmọge ń rà á láti fi sí irun. Àwọn tí ń rán aṣọ eré ìbílẹ̀ náà ń rà á. Bí a bá bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rà, ìdáhùn kan náà ni gbogbo wọn yóò fọ̀: owó àwọn baba wa ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tán síbẹ̀. Ẹyọ tí àwọn baba wa fi ra iṣu àti epo ni wọ́n tún fi ń ránṣẹ́ sí ara wọn, tí wọ́n fi ń fẹ́ ìyàwó, tí wọ́n fi ń kéde ogun, tí wọ́n sì fi ń parí ìjà. Lẹ́tà ni ẹyọ jẹ́ fún wọn. Díẹ̀ nínú àwọn lẹ́tà wọ̀nyí ṣì wà lónìí tí a lè kà, nítorí pé ẹnì kan jókòó, ó sì kọ ìtumọ̀ wọn sílẹ̀ kí ó tó pẹ́ jù. Ìtàn bí ó ṣe ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ sọ.

Ṣùgbọ́n kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rìn dé ilẹ̀ Yúróòpù, nítorí pé àwọn náà ní owó àtijọ́ tí wọn kò ná mọ́, tí ó sì di ohun tí wọ́n ń kọ lẹ́tà lé lórí. Ẹni tí ó bá ti ka Bíbélì yóò rántí owó tí àwọn Farisí mú tọ Jésù wá, èyí tí àwòrán Késárì wà lára rẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni a ń ná ní gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba Róòmù jẹ lé lórí. Nígbà tí ìjọba náà wó, owó rẹ̀ rì sínú ilẹ̀, ó sì di ohun tí àgbẹ̀ ń fi ọkọ́ hú jáde nínú oko àjàrà. Kò sí ọjà tí yóò gbà á mọ́.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Ítálì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ rí i pé owó tí kò ra nǹkan mọ́ ṣì lè sọ nǹkan. Ní ìparí ọdún 1354, akéwì tí a ń pè ní Petrarch lọ pàdé Ọba Charles Kẹrin ní ìlú Mantua, nígbà tí ọba náà ń lọ gba adé ní Róòmù. Owó wúrà àti owó fàdákà àwọn Késárì ìgbàanì ni Petrarch fi ta á lọ́rẹ, tí ojú Ògọ́sítọ́ọ̀sì sì wà lára ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe nítorí kí ọba lè ná an. Ó fẹ́ kí ọba máa wo ojú àwọn tí ó jẹ ṣáájú rẹ̀, kí ó sì gbìyànjú láti hùwà bí wọn. Inú lẹ́tà tí Petrarch kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni a ti mọ ìtàn yìí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni iná ọ̀rọ̀ náà ràn. Ní ọdún 1515, Guillaume Budé ti ilẹ̀ Faransé tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí owó Róòmù. Òṣùwọ̀n ni ó gbé, ó wọn owó náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó lè mọ iye tí nǹkan jẹ́ nígbà àwọn Késárì. Láti ọdún 1558 sí ọdún 1560, Hubert Goltzius rin ìrìn àjò la ilẹ̀ Jámánì, Faransé àti Ítálì kọjá, ó ń wọ ilé àwọn tí ó kó owó àtijọ́ jọ. Nígbà tí ó tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní ìlú Bruges ní ọdún 1563, orúkọ àwọn akówójọ tí ó tò sínú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 1,000. Ọba wà nínú wọn, àlùfáà wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn àti amòfin pẹ̀lú.

Kí ni ó so irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pọ̀? Lẹ́tà ni. Owó tí ó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ fún 1,500 ọdún, ojú rẹ̀ a máa jẹra. Ọ̀kan yóò wà lọ́wọ́ ẹnì kan ní Róòmù tí ìdajì orúkọ ọba ti pa rẹ́ lára rẹ̀. Ìkejì rẹ̀ yóò wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ní Augsburg tí ìdajì kejì ṣẹ́kù lára tirẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Bí ẹnì kan kò bá fẹ́ kí owó rẹ̀ kúrò nílé, yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda tàbí kí ó yọ́ imí ọjọ́ lé e lórí, àwòrán owó náà yóò jáde sára rẹ̀ gẹ́lẹ́, èyí ni yóò sì fi ránṣẹ́. Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Peiresc, tí ó gbé apá gúúsù ilẹ̀ Faransé láti ọdún 1580 títí di ọdún 1637, kọ lẹ́tà tí a kò lè tètè kà tán. Ó ń bá Rubens, ayàwòrán tí gbogbo ayé mọ̀, kọ̀wé lórí irú nǹkan báyìí. Ó kọ̀wé dé Íjíbítì àti ilẹ̀ àwọn Túrúkì, ó ń tọrọ owó àtijọ́ lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò.

Kò sí ọjà tí kò ní arẹ́nijẹ. Ní ìlú Padua, Giovanni da Cavino ń rọ owó Késárì tuntun tí ó dára ju ti àtijọ́ lọ, ọ̀pọ̀ ọlọ́lá ni ó sì rà á gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Àní Goltzius tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan ya àwòrán àwọn owó kan sínú ìwé rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Èyí tí ó dùn mọ́ mi jù nínú ìtàn wọn ni ti Jean Foy-Vaillant, tí ó wọ ọkọ̀ láti Marseille ní ọdún 1674 láti lọ wá owó fún ọba Faransé. Àwọn olè ojú omi Àlùjíẹ̀sì mú un, wọ́n sì sọ ọ́ di ẹrú fún oṣù mélòó kan. Nígbà tí ó gba ìtúsílẹ̀, tí ó ń padà bọ̀, ó tún rí ọkọ̀ olè mìíràn tí ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó gbé owó wúrà Késárì tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mì. Ọkọ̀ olè náà kò lé wọn bá, owó náà sì dé ilé láìkù. Ọ̀nà tí ó gbà rí i padà kò yẹ lójúewé tí àwọn ọmọdé ń kà.

Àwọn òyìnbó ìgbà náà kò fi owó àtijọ́ ṣe ohun ọ̀ṣọ́ nìkan. Wọ́n gbà pé ẹ̀rí ni. Owó tí a kò bá kọ ọ̀rọ̀ kankan nípa ibi tí a ti rí i àti ohun tí ó wà lára rẹ̀, irin lásán ni.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Ní àkókò kan náà tí Budé ń fi òṣùwọ̀n wọn owó Róòmù ni àwọn Pọtogí ń kó owó ẹyọ wọ etíkun wa. Wọ́n bá a lọ́wọ́ àwọn ará Bìní pé ìkarahun ni wọ́n ń ná. Nígbà tí ó sì di bí ọdún 1515, ọba Pọtogí ti fún àwọn ènìyàn rẹ̀ láṣẹ láti máa kó ẹyọ láti Íńdíà wá sí erékùṣù São Tomé. Inú òkun tí ó yí erékùṣù Maldives ká ni a ti ń kó ẹyọ kékeré funfun náà. Àwọn ọkọ̀ Họ́láńdì àti ti Gẹ̀ẹ́sì a máa dà á sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ọkọ̀ má baà fì, wọn a kó o dé Amsterdam àti Lọ́ńdọ̀nù, wọn a tà á ní gbàǹjo fún àwọn tí ń bọ̀ ní Áfíríkà. Àwọn onímọ̀ ìtàn ṣírò rẹ̀ pé ẹyọ tí ó wọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láàárín ọdún 1700 sí 1800 kò dín ní bílíọ̀nù mẹ́wàá. Ohun tí a fi rà níbí ni a kò gbọ́dọ̀ gbójú fò: ènìyàn ni. Ọ̀pọ̀ ẹyọ tí ó wà nínú ìkòkò àwọn baba ńlá wa, orí ọmọ ẹlòmíràn ni a fi gbà á.

Láti ọdún 1845 ni àwọn oníṣòwò Hamburg ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó irú ẹyọ mìíràn wá láti Zanzibar, èyí tí ó tóbi ju ti Maldives lọ tí kò sì wọ́n wọn láti rà. Ọjà kún, ẹyọ sì di yẹpẹrẹ. Nígbà tí ó fi di ọdún 1904, ìjọba òyìnbó fòfin de kíkó rẹ̀ wọ Nàìjíríà, ṣílè àti kọ́bọ̀ sì gba ipò rẹ̀.

Àmọ́ ẹyọ kò jáde lẹ́nu wa. Ogójì ni a ń sín sórí okùn kan. Àádọ́ta okùn ni ẹgbàá. Ẹgbàá mẹ́wàá ni ọ̀kẹ́ kan, ó sì ti tó ẹrù ẹnì kan láti rù. Títí di òní, bí ohun kan bá pọ̀ ju kíkà lọ, ọ̀kẹ́ àìmọye ni a ń pè é, àpò ẹyọ sì ni à ń dárúkọ láìmọ̀. Àlùfáà Adolphus Mann, tí ó gbé Ìjàyè, kọ àlàyé kan tí ó jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1887 lórí bí a ṣe ń ka ẹyọ: a ó fi ọwọ́ fa márùn-ún márùn-ún láti inú òkìtì títí yóò fi di ọgọ́rùn-ún. Ó ní inú kíkà owó yìí ni ètò òǹkà Yorùbá ti jáde.

A ti dé orí àrokò wàyí. Owó Késárì ní orí ọba àti orúkọ lára. Ẹyọ kò ní orí, kò ní orúkọ. Gbogbo rẹ̀ jọ ara wọn. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn baba wa fi iye rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n fi bí a ṣe so ó sọ̀rọ̀, wọ́n sì fi ohun tí a so mọ́ ọn sọ̀rọ̀. Ẹyọ méjì tí ó kọjú síra wọn, ìbátan àti ìpàdé ni. Bí wọ́n bá kọ ẹ̀yìn síra wọn, ìyapa àti ọ̀tá ni. Ẹyọ mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹ̀fà ni mẹ́fà. Ọmọbìnrin tí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fi ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí, bí ó bá fi mẹ́jọ dáhùn, ó ní èrò wa jọ. Mélòó nínú àwọn tí ń fi fóònù ránṣẹ́ ìfẹ́ lónìí ni ó lè sọ ọ́ ní ṣókí tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó irú nǹkan báyìí jọ tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ni Àlùfáà C. A. Gollmer, ọmọ Jámánì tí ìjọ C.M.S. rán wá, tí ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 pẹ̀lú Townsend àti Àjàyí Crowther. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 1885 nínú ìwé àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá ènìyàn ní Lọ́ńdọ̀nù. Níbẹ̀ ni ìtàn ẹnì kan wà tí a kó lẹ́rú lọ sí Dàhómì, tí ó rí ọ̀nà fi àrokò ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀: òkúta kan, èédú kan, ata kan, àgbàdo yíyan àti àkísà. Ara mi le bí òkúta. Ọ̀nà mi ṣókùnkùn bí èédú. Ọkàn mi ń ta mí bí ata. Ara mi ti gbẹ bí àgbàdo tí a yan. Aṣọ ọrùn mi ti di àkísà. Kò sí ẹyọ kan ṣoṣo nínú èyí, a kàn ní kí a mẹ́nu kàn án ni, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ọ kì í tètè gbàgbé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ wa ni ó ṣe èyí tí ó jinlẹ̀ jù. John Augustus Otonba Payne ni orúkọ rẹ̀. Sàró ni a bí i sí ní ọdún 1839, ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni, láti ìdílé ọba. Ó padà sí Èkó, ó di akọ̀wé àgbà ilé ẹjọ́ gíga, ó sì ń tẹ ìwé kàlẹ́ńdà ọdọọdún tí àwọn ará Èkó fi ń mọ ìtàn àti ìròyìn. Ó kú ní ọdún 1906. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ mọ ohun tí ẹ̀rí jẹ́: ẹ̀rí tí a kò kọ sílẹ̀, ọjọ́ tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá kú ni ó parẹ́. Nígbà tí àrokò Ìjẹ̀bú tí Payne kó jọ dé iwájú àwọn onímọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí G. W. Bloxam sì tẹ àlàyé wọn jáde ní ọdún 1887, nínú ìdìpọ̀ kan náà tí ọ̀rọ̀ Mann wà, kì í ṣe ẹyọ lásán ni wọ́n rí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó ní ẹni tí ó rán an, ẹni tí a rán an sí, àti ìtumọ̀ rẹ̀ láti orí dé ìdí.

Ọ̀kan nínú wọn ti ọ̀dọ̀ olórí ogun Ìjẹ̀bú kan wá, ó ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ọba kan tí ó wà ní ìdálẹ̀. Ẹyọ mẹ́fà ni àti ìyẹ́. Àlàyé rẹ̀ ni pé mo fi ẹyọ mẹ́fà yìí fà ọ́ mọ́ra, kí ìwọ náà fà mọ́ mi. Ní ti ìyẹ́, òun ni àwọn ará ìgbà náà fi ń nu inú etí; ẹni tí ó bá fi ìyẹ́ ránṣẹ́ ń wí pé etí rẹ ni mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi dé, mo sì ń retí rẹ kíákíá. Ẹ gbé e yẹ̀ wò. Bí Payne kò bá kọ ọ̀rọ̀ ìyẹ́ yẹn, ta ni ì bá mọ̀ ọ́n lónìí? Ẹni tí ó bá fi òwú nu etí kò lè ronú dé ibẹ̀ láéláé. Òmíràn nínú wọn jẹ́ àrokò àlàáfíà láti ọ̀dọ̀ Awùjalẹ̀ sí ọba Èkó, lẹ́yìn tí Akítóyè tún gorí àpèrè ní ìparí ọdún 1851. Ẹyọ mẹ́jọ wà nínú tirẹ̀. Òǹkàwé wa ti mọ ohun tí mẹ́jọ ń wí.

Àwọn òyìnbó kan wí nígbà náà pé àrokò ni ohun tí àwọn tí kò mọ̀wé fi ń rọ́pò ìwé. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Peiresc pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀, owó rẹ̀ ni ó dákẹ́ tí lẹ́tà ń sọ̀rọ̀ fún; ní ti àwọn baba wa, owó fúnra rẹ̀ ni lẹ́tà, ẹni tí ó gbà á sì lè tú u ná. Ibi tí wọ́n ti jù wá lọ ni pé tiwọn wà lórí bébà, tiwa wà lórí ahọ́n. Iṣẹ́ ìránṣẹ́ a máa bá oníṣẹ́ wọ sàréè.

Mo rí èyí kedere nígbà tí mo bẹ agboolé Àwórì kan wò ní Ìkòtún. Baba arúgbó tí ó jẹ́ olórí ilé gbé igbá olómorí kan jáde fún mi láti abẹ́ ibùsùn. Ẹyọ púpọ̀ wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ti já kúrò lórí okùn. Lọ́tọ̀ ni méjì wà tí a fi òwú dúdú so pọ̀, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn. Ẹnì kan tí ń ra ohun àtijọ́ fún àwọn onílé ìtura ti wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó sì fẹ́ kó igbá náà tokùntokùn. Baba ní kó dúró ná. Mo bi í pé kí ni méjì yẹn ń wí. Ó ní, "Ọmọ mi, baba mi ní a kò gbọ́dọ̀ tú u. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ oko ni, láàárín tẹ̀gbọ́n tàbúrò. Àbúrò ni ó fi rán an, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ kúrò nílùú."

Mo bi í ibi tí wọ́n kó lọ. Ó ní àwọn kan ní ọ̀nà Ọ̀tà ni, àwọn kan ní ọ̀nà Àgbádárìgì. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jókòó tì wá, tí kò tíì kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ girama, wo baba tìyanu-tìyanu. Ó ní òun ti ń rí igbá náà láti kékeré, òun rò pé oògùn ni. Ó dìde, ó mú ìwé iṣẹ́ ilé rẹ̀ wá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ: iye ẹyọ, àwọ̀ òwú, ohun tí baba wí. Nígbà tí ó dé orí orúkọ àbúrò tí ó rán àrokò náà, baba dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ni ó mọ̀ ọ́n, ó sì ti kú. Ọmọ náà fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ náà, ó sì ń kọ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà nílé yín, ní Ìkòtún, Ìgándò, Ìdímù tàbí níbikíbi tí ẹ bá wà, ẹ má ṣe fi ẹyọ náà ránṣẹ́ sí wa. Ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tí ó wà, ẹ má sì tú okùn rẹ̀. Iye rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí wa, àti bí ó ṣe kọjú sí ara rẹ̀, ohun tí a so mọ́ ọn, àti orúkọ àgbà tí ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún yín.